Lẹ́tà Tó Ń Rẹ́rìn-ín Lórí Òkúta

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Mo lọ sọ́dọ̀ agbẹ́kùúta lónìí. Mo ti pinnu pé mi ò ní sunkún níbẹ̀, mi ò sì sunkún. Ó gbé ìwé kan síwájú mi. Irú lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá tó ń retí ọ̀gá. Mo ní kò sí èyí tí mo fẹ́ nínú wọn. Mo yọ páálí ọṣẹ tí o ṣe fún onídìrí jáde nínú àpò mi, mo ní irú lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ ni kó fi kọ orúkọ ìyàwó mi.

Ó wò ó. Ó wò mí. Eruku wà lára ìpéǹpéjú ọkùnrin náà bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lójú — Eléruku ni màá máa pè é. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ibojì lẹ fẹ́ ṣe ni, àbí ẹ fẹ́ máa ta áísìkiriìmù?"

Ó yẹ kí n bínú. Ẹ̀rín ló pa mí. Tó bá jẹ́ pé o wà níbẹ̀, wàá ti di tábìlì rẹ̀ mú kó o má bàa ṣubú.

Ó ní òun ò ṣe irú ẹ̀ rí. Mo ní kó lọ ronú sí i. Ní tèmi, mo ti ronú tán.

Eléjìí mi, ìyàwó mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ìwé yìí kàn ń gbọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aago ṣe pa lọ́sàn-án, mo rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀. Mo fẹ́ rí lẹ́tà náà dáadáa kó tó di pé ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè tí mi ò ní lè dáhùn.

Ó wà lára pátákó onídìrí. Ó wà lójú gíláàsì alágbàfọ̀: "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ sinmi." Ó wà lẹ́nu géètì ilé ìtọ́jú ọmọdé, ó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì, ó wà lára páálí pélébé tí aránṣọ máa ń so mọ́ aṣọ tó bá ti rán tán láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Kódà dókítà eléyín ní i lára ògiri, lókè àga tó ń ba gbogbo ayé lẹ́rù: "Ẹ jókòó, kò ní pẹ́." Ìwọ lo ṣe gbogbo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ. Irú lẹ́tà kan ṣoṣo.

Mo dúró wo pátákó onídìrí títí ó fi jáde wá bi mí bóyá nǹkan kan ń ṣe mí. Mo ní rárá. Ara lẹ́tà yẹn rọ̀. Ó fì díẹ̀ bí ẹni tó fara ti òpó ìlẹ̀kùn. Kò sí méjì tó ga dọ́gba. Èyí tó ṣáájú máa ń na ìrù rẹ̀ di èyí tó tẹ̀ lé e mú, bí àwọn tó ń kọjá títì. Lẹ́tà e sì la ẹnu, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó dùn fún un. Ó ní orúkọ kan nínú kọ̀ǹpútà, orúkọ gígùn tí ahọ́n àwa méjèèjì ò gbé. Lo bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín.

Àwọn èèyàn rò pé ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ ni. Ìkọ̀wé rẹ! Ìkọ̀wé tí ìwọ fúnra rẹ kì í lè kà tó bá ti di ọjọ́ kejì. Ẹnì kan tá ò mọ̀, ní ibi tá ò dé rí, ló jókòó ya Ẹlẹ́rìn-ín. Tìẹ ni pé o mọ ibi tó yẹ kó lọ.

O sì ní òfin. Má fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ ọ́, gbogbo wọn á máa fagbára sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Má lò ó fún oògùn. Má lò ó fún iná mànàmáná. Mo rántí ọkùnrin tó fẹ́ kó o fi kọ "Ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ń pani". O ní, "Bọ̀dá, ẹni tó bá fẹ́ kìlọ̀ fún èèyàn, kó kọ́kọ́ pa ẹnu dé."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Tíṣà, pè mí lórí fóònù. Ó ti gbọ́ nípa lẹ́tà náà. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Tíṣà náà ni Tíṣà, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wọlé bí ẹni tó fẹ́ yẹ èékánná wò. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ kó wà lára òkúta rẹ sílẹ̀, ìlà mẹ́jọ, lẹ́tà ńlá láti òkè délẹ̀, bíi ti òkúta bàbá yín àti ti ìyá yín. Ẹ̀gbẹ́ wọn lo wà. Ó ní ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra.

Mo gbé omi fún un. Mo fi páálí ọṣẹ náà hàn án. Kò fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Àna, mo mọ̀ pé ojú ẹ ò tíì gbẹ. Ìdí tí mi ò fi ní pariwo nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ọ̀nà onídìrí la fẹ́ gbé òkúta sí."

Mo ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ibẹ̀ lèèyàn máa ń yọ fìlà tó bá dé."

"Mo mọ̀."

"Ta ló máa yọ fìlà fún lẹ́tà tó ń jó?"

O mọ̀ mí. Èsì mi máa ń dé nígbà tí àlejò bá ti dé ibùdókọ̀. Ó fi ìlà mẹ́jọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí n fara balẹ̀ kà á.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kà á. Ó dáa. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, èdè Tíṣà mọ́ bí omi. Ọmọ rere. Aya àtàtà. Òṣìṣẹ́ tí kì í káàárẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀.

Mo kà á títí, mi ò pàdé rẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ wa. Kékeré — ó ga jù mí lọ báyìí, kò sì tíì gbà pé ká yí orúkọ náà padà — Kékeré ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Àga rẹ ga jù fún un lákọ̀ọ́kọ́. Ó ti yí i wálẹ̀. Mo rí i.

Ó gbọ́ mi tán. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ rántí pé Màámi ò gbà fún ìdílé kan tó fẹ́ fi Ẹlẹ́rìn-ín ṣe ìwé ètò ìsìnkú?"

Mi ò rántí. Mi ò gbọ́ ọ rí. Ó ní bàbá arúgbó kan ló kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n rí lẹ́tà náà lára ògiri, wọ́n ní òun làwọn fẹ́. O ní rárá. Wọ́n bẹ̀ ọ́. O ní rárá. Wọ́n lọ síbòmíràn.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo tú aago kan, mi ò lè tò ó padà. Ṣé òfin rẹ ni mo fẹ́ rú sórí ìwọ fúnra rẹ? Mo bi ògiri tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù wa méjèèjì.

Kékeré wá bá mi nígbà tó ń ti ìlẹ̀kùn. Ó ní òun ti rántí ohun tó o sọ fún wọn. O ní, "Bàbá yín ò rẹ́rìn-ín rí láyé wọn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ báyìí?"

Kékeré ní àwọn ọmọ olóògbé ọ̀hún fúnra wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo to aago náà padà. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Eléruku ránṣẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ò jẹ́ kóun gbádùn, kí n mú lẹ́tà náà wá, òun á dán an wò lára àfọ́kù òkúta kan.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á gé àwòrán lẹ́tà sára rọ́bà pẹlẹbẹ kan. Á lẹ rọ́bà náà mọ́ ojú òkúta, á ṣí lẹ́tà kúrò lára rẹ̀. Á wá fi páìpù fẹ́ iyanrìn lù ú pẹ̀lú agbára. Ibi tí rọ́bà bá bò, iyanrìn á ta padà. Ibi tó bá ṣí sílẹ̀, iyanrìn á jẹ òkúta wọnú. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń gé sítíkà ní ṣọ́ọ̀bù lè gé rọ́bà náà, torí náà Kékeré ló gé e. Orúkọ rẹ nìkan. Inú wa dùn. A gbé e bí ẹyin.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó bàjẹ́ pátápátá.

Mo ní kí n má kọ ọ́, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́. Nígbà tí Eléruku ń ṣí lẹ́tà kúrò lára rọ́bà, orúkọ rẹ ń já sí wẹ́wẹ́. Lórí ìwé, ìrù lẹ́tà kan máa ń gun èyí tó tẹ̀ lé e, yíǹkì sì máa ń pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ kì í ṣe yíǹkì. Ọ̀bẹ yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan po lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó gba àárín ibi tí wọ́n ti di ara wọn mú kọjá. Níbi gbogbo tó yẹ kí wọ́n ti so pọ̀, rọ́bà tín-ín-tín kan ṣẹ́ kù síbẹ̀. Kékeré ká ọwọ́ lérí. "Màámi ti sọ fún mi! So wọ́n pọ̀ kó o tó gé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ nígbà tá a bá ń ṣe sítíkà ojú gíláàsì. Ojoojúmọ́, Bàbá!"

Eléruku ní kò burú, òun á ṣì fẹ́ iyanrìn sí i ká lè rí i. Inú lẹ́tà a àti e, rọ́bà kékeré tó wà níbẹ̀ fò lọ. Ojú wọn fọ́. Ibi tí lẹ́tà ti tín-ín-rín, iyanrìn ò wọlé. Mo fi awò tí mo fi ń wo inú aago wò ó. Bíi pé eku ló jẹ ẹ́.

Eléruku ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Bàbá, kò tíì tán. Lẹ́tà yín yìí, ó fẹ́ àyè. Ẹ jẹ́ kó tóbi ju báyìí lọ, kó sanra díẹ̀, á dúró. Ṣùgbọ́n tó bá tóbi, ọ̀rọ̀ tó máa gbà ò ní pọ̀."

Mo bi í bóyá ìlà mẹ́jọ lè wọlé. Ó wo òkúta, ó wò mí. Ó ní, "Orúkọ wọn. Àti nǹkan díẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá ní ohun tí wọ́n máa ń sọ."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kékeré ti so lẹ́tà náà pọ̀ dáadáa báyìí, ó sì ti fi díẹ̀díẹ̀ mú wọn sanra. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó jìnnà sí i, ó sún mọ́ ọn, ó di ojú kan. Gẹ́gẹ́ bó o ṣe máa ń ṣe. Kò mọ̀ pé òun ń di ojú kan.

Ohun tí o máa ń sọ. Ó yẹ kó rọrùn. Ẹnu rẹ kì í sinmi. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo gbé ọwọ́ lé ògiri, mo ń gbìyànjú láti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ṣeé kọ síbi kankan, pàápàá èyí tó o máa ń sọ nípa olówó ilé.

Ẹni tó ṣí mi lójú ni oníbàárà kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yín tó ń kígbe, "Ẹ̀yin ará ibí o! Ṣé ẹnì kankan wà ńlé?" Mo gbọ́ ọ látara ògiri. Mo dúró, mò ń retí èsì. Èsì tó máa ń tẹ̀ lé e nígbà gbogbo, láti abẹ́ tábìlì níbi tó o ti ń tún wáyà ṣe, tàbí láti ẹ̀yìn níbi tó o ti ń ka bébà:

"Mo wà níbí. Ẹ má pariwo."

Kékeré ló dáhùn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tìẹ. Mo bọ́ awò aago kúrò lójú, mo nu omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wà níbí. Ẹ má pariwo. Òun náà nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Mo mú un lọ fún Eléruku. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Lára ibojì?"

Mo ní, "Lára ibojì."

Ó ní ká fi lẹ́tà òun wò ó ná, bóyá á wọlé síbẹ̀, torí ìyẹn ló mọ́ òun lọ́wọ́. Ó fi ẹfun kọ ọ́ sára pákó, lẹ́tà ńlá, gbọọrọ gbọọrọ. Àwa méjèèjì fà sẹ́yìn wò ó.

Eléjìí, ẹ̀rù bà mí. Ó dà bí ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó dà bí òkú tí inú ń bí. Ọ̀rọ̀ náà ni o, kò sí èyí tá a yọ, kò sí èyí tá a fi kún un.

Eléruku lẹ ìwé Kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ní Ẹlẹ́rìn-ín. Bíi pé ẹnì kan kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn, tó wà nínú ilé, tó ń bọ̀ wá ṣí i.

Eléruku sún mọ́ ọn. Ó ní, "Há. Ohùn wọn yàtọ̀." Ó nu ẹfun rẹ̀ nù pẹ̀lú apá aṣọ. Ó ní, "Ìyàwó yín yìí, Bàbá, ṣé wọ́n máa ń dá yín lóró báyìí nílé?"

Mo ní, "Ojoojúmọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ bá Tíṣà nílé rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo mú ìwé náà dání. Ó ka orúkọ rẹ, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ka ohun tó tẹ̀ lé e.

Ó ní, "Ẹ má kí ni?"

Mo ní, "Ẹ má pariwo. Ohun tó máa ń sọ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀ pé ohun tó máa ń sọ ni! Èmi náà ló ń sọ ọ́ sí!" Ó dìde, ó tún jókòó. Mo rò pé ó máa lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù.

Ó ní gbogbo ayé ló ń pè ọ́ ní aláwàdà. Láti kékeré. Ó ní òun tí òun jẹ́ tíṣà ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà nígbà tí ìwọ ti tú u palẹ̀ tó o tún un tò. O dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, o kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́, àti níbi gbogbo tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀rín arábìnrin yẹn dùn. Kò sẹ́ni tó sọ pé orí arábìnrin yẹn pé.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré, àna. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ kí orúkọ ẹ̀ dúró ṣinṣin, kí ẹni tó bá ń kọjá mọ̀ pé èèyàn pàtàkì ló wà níbí. O fẹ́ kí wọ́n tún rẹ́rìn-ín."

Mi ò lè wò ó lójú.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìwọ lọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ẹ ló wà. Ṣùgbọ́n tó o bá fi lẹ́tà yẹn kọ ọ́, má retí mi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé e kalẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Èsì mi dé lónìí, bó ṣe máa ń dé, lẹ́yìn tí kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ. Ìwọ gbọ́ ọ.

Tíṣà rò pé ẹ̀rín rẹ wà lọ́tọ̀, ọgbọ́n rẹ wà lọ́tọ̀, ká wá fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Ṣùgbọ́n mo ti rìn ní àdúgbò yìí. Mo ti rí i. Ẹni tó bá ń jókòó lórí àga dókítà eléyín, tí àyà rẹ̀ ń já, ìwọ lo mọ̀ pé ohùn pẹ̀lẹ́ ló nílò níbẹ̀. Ìwọ lo sọ fún oníná mànàmáná pé kò lè rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń kìlọ̀. Ìwọ lo dá ìdílé odindi kan padà nítorí lẹ́tà náà ò mọ bàbá wọn. Ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ, ìyẹn ni iṣẹ́ rẹ. Ìyẹn ni orí pípé. Bí mo bá fi lẹ́tà tó ń lejú kọ ọ́, màá ti fi irọ́ kan lé ọ lórí títí láé, irú irọ́ tí ìwọ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi lé òkú tirẹ̀ lórí.

Ó dùn mí nítorí Tíṣà. Ó máa dùn mí fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu.

Mo pe Eléruku. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wọn ńkọ́?"

Mo ní, "Bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

A gé e. Kékeré yẹ gbogbo ibi tí lẹ́tà ti so pọ̀ wò, ó ní kí n fi awò aago yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀ lé e, ó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn mi bíi pé kò fọkàn tán mi. Rọ́bà ṣí kúrò láìjá, orúkọ rẹ jáde ní ọ̀kan ṣoṣo, gígùn, bí okùn. Kékeré gbé e sókè sójú oòrùn. Kò fẹ́ jù ú nù.

Eléruku fún wa ní ìbòmú. Ariwo páìpù náà pọ̀ débi tí mo fi bú sẹ́rìn-ín nínú ìbòmú mi. Ẹ má pariwo! Kékeré wò mí, ó mọ ohun tí mò ń rò, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Eléruku pa ẹ̀rọ, ó ní ṣé kò sí o. A ò lè ṣàlàyé.

Nígbà tó ṣí rọ́bà tó kù kúrò, tó fi omi ṣan eruku, gbogbo lẹ́tà ló wà níbẹ̀. Inú a dá pé. Ẹnu e là. Mo ki ìka mi bọ ìrù lẹ́tà àkọ́kọ́, mo tọ̀ ọ́ lọ, mi ò gbé ìka sókè títí mo fi dé òpin orúkọ rẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A gbé e kalẹ̀ láàárọ̀. Èmi, Kékeré, Eléruku àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, onídìrí, alágbàfọ̀. Òkúta bàbá yín wà lápá kan, ti ìyá yín wà láàárín, tìẹ tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni, kò jọ tiwọn. Ó dà bí ọmọ tó pẹ́ dé síbi àwòrán ìdílé, tó ń sáré bọ̀.

Onídìrí kà á, ó ní, "Ẹ gbọ́ obìnrin yìí! Ó ṣì ń pàṣẹ fún wa!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Tíṣà ò wá. Mo wo ẹnu géètì títí kò fi sí ẹni tó ń wọlé mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin

Mo pè é. Kò gbé fóònù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì

Kò gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí. Kò fi ojú rere wò mí, kò sì fi ojú burúkú wò mí. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún. Mo ń tú aago lọ́wọ́, ó ní kí n máa tú u lọ. Ó sàn bẹ́ẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Ó ní òun lọ síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, òun nìkan. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i, kí òun lè mọ bí ìjà náà ṣe máa le tó.

Ó ní òun dúró níbẹ̀, inú ń bí òun, nígbà tí obìnrin kan gba ojú ọ̀nà kọjá pẹ̀lú ẹrù. Òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi, ojú rẹ̀ bọ́ sára òkúta, ó kà á sókè. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá rí Tíṣà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì mí, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀."

Tíṣà ní òun la ẹnu láti bá a wí. Òun ti mọ ọ̀rọ̀ tóun máa sọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò dìde, ó ń wo òkúta, ó ní, "Ta ni wọ́n, sà? Irú èèyàn wo ni wọ́n?"

Mo gbé orí sókè kúrò lára aago, mo rí Tíṣà tó ń wo ògiri, ògiri tìẹ.

Ó ní, "Àna, bó ṣe pẹ́ tó tí Bàbá àti Ìyá ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí rí. Wọ́n á kà á, wọ́n á kọjá. Gbogbo ẹ̀ ti wà lára òkúta."

Ó ní òun sọ fún un. Òun bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ṣáà wà lórí òun. Nígbà tí òun parí ìkẹjọ, obìnrin náà ti jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n?" Òun wá sọ nípa kọ̀ǹpútà tó o tú palẹ̀. Òun sọ bó o ṣe kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Òun sọ ohun tó o ṣe nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún méje, èyí tí èmi gan-an ò gbọ́ rí, tí kò sì fẹ́ sọ fún mi lónìí. Ó ní obìnrin náà sọ pé, "Orí wọn mà pé o."

Tíṣà sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Orí wọn mà pé.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun."

Ó ní, "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ pé lẹ́tà yẹn dáa. Kò dáa. Kò jọ nǹkan kan." Ó dìde, ó gbá ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní òun tún lọ lánàá, ẹlòmíràn tún dúró, ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́. Ó ní òun á lọ lọ́la pẹ̀lú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo lè tẹ̀ lé òun tó bá wù mí.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè, èmi ni màá sọ ọ́. Má gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu."

Mo ní mo gbọ́, sà. Mo ti nu bàtà mi sílẹ̀ de ọ̀la.